Èmi Nìkan Ni 1981

Ẹ bá mi bẹ Akápò wa kó yéé pè mí ní Ẹnjiníà. Bó ṣe ń pè é yẹn, èébú ni.

Òjúde Ọba ló kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá kì í dúró de ẹnikẹ́ni, a sì fẹ́ mọ iye fìlà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa máa rán. Akápò gbé ìwé ẹgbẹ́ jáde, èyí tí epo ìkọ́kọrẹ́ ti ta sí lára. Mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Èmi, ọmọ Java, èdè tí a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀! Mo ní HashMap, àpò kan tí Java fi ń kó nǹkan pamọ́, ò ní ṣe é, torí kò mọ ètò, bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ ló ṣe ń kó nǹkan. TreeMap la máa lò. Ó ti wà nínú Java láti 1998, orí igi ló ń to nǹkan sí, èyí tó kéré á ṣíwájú, èyí tó tóbi á tẹ̀lé e. Mo fi ọdún ìbí ṣe key (ohun tí a fi ń wá nǹkan), mo fi orúkọ ṣe value (nǹkan tí a kó sábẹ́ key), kí ẹ̀gbọ́n lè ṣíwájú àbúrò. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà dára!

Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n Alága. Mo tẹ̀ ẹ́.

1980, orúkọ kan. 1981, orúkọ kan. 1982, orúkọ kan. Ó tán.

Ó tò o! Ẹ má purọ́ mọ́ mi, ó tò gan-an ni. Kò síbi tí 1982 ti ṣíwájú 1981. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó kún pálọ̀ débi pé àwọn kan jókòó sórí apá àga ti di ẹni mẹ́ta. Alága wo tẹlifíṣọ̀n, ó wò wá, ó ní, "Ṣé àwa yòókù ti kú ni?"

Bí key kan bá ti wà níbẹ̀, tí ẹ bá tún fi orúkọ mìíràn sí i, tuntun á ti àtijọ́ dànù, kò ní pariwo, kò ní tọrọ gáfárà. Ẹgbẹ́ ojúgbà sì ni wá! Ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ló ni ọdún. Bí wọ́n ṣe ń sanwó ni mo ṣe ń tẹ orúkọ wọn, ta ló wá kẹ́yìn? Àwọn onígbèsè, àwọn tí Akápò ti lé dé ẹnu ọ̀nà ilé àna wọn.

Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ká agbádá sí èjìká: "Èmi nìkan ni 1981."

Akápò ò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé elépo rẹ̀: ọdún kọ̀ọ̀kan lójú ewé tirẹ̀, orúkọ gbogbo wọn sì tò sábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ. (Ohun tí mo padà fi List, àpò Java tó ń gba orúkọ púpọ̀ pọ̀, ṣe lóru ọjọ́ náà nìyẹn, ẹ má sọ fún un.) Ó fi bírò kan ojú ewé 1981, ó ní, "Ó dáa. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, owó gbogbo ojú ewé yìí, ọrùn ẹ ló wà."

1981 jókòó wọ̀ọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí láàárọ̀, lálẹ́: "Ọ̀gá mi, àwọn èèyàn mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti padà dé?"