Kì í ṣe àsàsí: ohun tí ìléròrò ìhà ìyá mi kọ́ mi

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Ojúde Ọba tó wọlé nígbà tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í di ìhà òsì mú. Aṣọ ni wọ́n ń tà n'Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ sì mọ bí àsìkò yẹn ṣe máa ń rí tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bá ń wá aṣọ ẹgbẹ́. "Ó ń jó mi bí iná," ni wọ́n ń wí. Mo wo ibẹ̀, n kò rí nǹkan kan. Mo ní àárẹ̀ ọjà ni, mo fi àdín pa á fún wọn.

Ọjọ́ kẹta ni ìléròrò yọ, wẹ́wẹ́, omi kún inú wọn. Wọ́n tò láti ẹ̀yìn wá sí abẹ́ ọmú bí ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín àyà, wọ́n dúró gbọn-ín. Ẹyọ kan kò sí lápá ọ̀tún. Dídúró yẹn ló dẹ́rù bà wá jù. Àǹtí mi kan ní ọwọ́ ènìyàn ló wà ńbẹ̀, pé àìsàn Ọlọ́run kì í yan ẹ̀gbẹ́ kan. Kí n má parọ́, èmi gan-an ni mo dárúkọ obìnrin tó ni ìsọ̀ tó kángun sí tìyá mi. Láti ọjọ́ náà, a kò kí i mọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó wo ìhà náà, ó sì béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ṣe síkìn-pọ́ọ̀sì (chickenpox) ní kékeré?" Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ilẹ̀gbóná ni àwọn àgbà ń pè é nígbà náà, wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Dókítà ní, "Òun náà ló jí yìí. Shingles ni wọ́n ń pè é."

Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa síkìn-pọ́ọ̀sì kì í kúrò lára tí ara ọmọ bá ti yá. Á gba ojú okùn iṣan tí a fi ń mọ ìrora lọ sí ìdí iṣan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, á sùn. Ohun tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì náà ni ìlànà bí a ṣe ń ṣe irú rẹ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì iṣan á wé ìlànà yẹn le koko, bí ìyá mi ṣe máa ń ká òfì sí ìsàlẹ̀ àpótí: aṣọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ̀ ọ́ ní kíká? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ara náà sì ń ṣọ́ ẹnu àpótí. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún 50. Tí ogbó bá dé, tàbí tí kòkòrò HIV, jẹjẹrẹ tàbí oògùn kan bá sọ àwọn ẹ̀ṣọ́ náà di ọ̀lẹ, àpótí á ṣí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fáírọ́ọ̀sì tuntun. Ojú iṣan tí wọ́n gbà wọlé ni wọ́n á gbà padà sí awọ. Ìdí nìyẹn tí iná fi ṣáájú ìléròrò. Iṣan apá òsì kì í sì í ṣiṣẹ́ apá ọ̀tún, nítorí náà ni wọ́n ṣe dúró láàárín àyà.

Dókítà ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edgar Hope-Simpson, ló kọ ọ́ síwèé ní 1965 pé fáírọ́ọ̀sì tó sùn láti kékeré ló ń jí. Ìléròrò tó máa ń yọ sí ètè lẹ́yìn ibà, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ló ń fa ìyẹn, ìdí iṣan ojú lòun ń sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní in lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ fẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu tàbí lójú. Ó lè gba ẹ̀mí ọmọ náà.

Acyclovir ni wọ́n kọ fún ìyá mi. Ìgbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń bí sí i ni oògùn yìí ń rí i mú, kò lè ṣe èyí tó ń sùn ní nǹkan kan. Láàárín wákàtí 72 tí ìléròrò bá yọ ló dára jù kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àdín àti ẹ̀sùn ni àwa fi wákàtí tiwa ṣe. Ìléròrò gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ni iná náà fi jó wọn. Bùbá kò ṣeé wọ̀, kódà afẹ́fẹ́ fáànù ń ta wọ́n lára.

Tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá ń jó èèyàn yín, tí ìléròrò sì tò tẹ̀lé e, ẹ gbéra lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ iwájú orí, ìpéǹpéjú tàbí ṣóńṣó imú ni, ẹ má dúró rárá, ojú lè fọ́. Ọ̀dọ́ tó bá ṣe é, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún HIV. Ẹ fi aṣọ bo ìléròrò náà títí yóò fi gbẹ, kí aboyún tí kò ṣe síkìn-pọ́ọ̀sì rí má sì sún mọ́ ọn, torí ó lè kó síkìn-pọ́ọ̀sì níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún ẹni tó ti lé ní 50, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gbà á. Ẹ béèrè rẹ̀ fún àwọn òbí yín.

Mo ti lọ bá obìnrin onísọ̀ yẹn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò burú. Títí di òní, kò tíì tún wá jókòó ní ìsọ̀ ìyá mi.