Gbòǹgbò tí kì í mu omi

Ọjọ́rú. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ò sí.

"Gbòǹgbò tí kì í mu omi rèé." Ohun tí ìyá oníwàrà sọ nípa àwòrán mi nìyẹn. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ o. Ẹni tó jókòó tì í ló sọ ọ́ fún, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi títí di báyìí.

Fóònù mi tó bàjẹ́ ló gbé mi dé ọjà Ìpàta. Ọmọ tó ń tún un ṣe tú ikùn rẹ̀ síta. Nígbà tó wá irinṣẹ́ lọ, mo tẹjú mọ́ pánẹ́ẹ̀lì: ìlà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́, á lọ, á ṣẹ́rí, á ya méjì, á wá pin síbi ojú róbótó kan, bí ìgbà tí gbòǹgbò dongoyárò bá forí gbá òkúta. Mo yọ ìwé. Mi ò ya fóònù, mi ò sì ya igi. Ìlà lásán ni. Òun ni ìyá oníwàrà rí.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Kí ni wàrà mọ̀ nípa àwòrán? Àfi bí mo ṣe rántí pé oje ewé bòmubòmu ló fi ń mú wàrà dì. Ewé fúnra rẹ̀ lẹ̀rọ tiẹ̀. Ta wá ni èmi tí mò ń fi bírò wá ibi tí ewé ti pàdé ẹ̀rọ?

Síbẹ̀ mi ò gbà fún un tán. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wa bàbà yẹn, òjò ti rọ̀ lé e lórí rí. Òkúta tí wọ́n ń lọ irin lé lórí láyé àtijọ́, tó wà ní agbo ilé Bándélé ní Ìdí-Àpé, ni wọ́n ní ìlú wa ti gba orúkọ: Ìlọ́-irin. Ṣé òkúta náà kì í wá ṣe òkúta mọ́ ni?

Tàbí kẹ̀, òótọ́ ló sọ. Àwòrán náà gbẹ. Mo ń wò ó báyìí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ lóòótọ́.

Fóònù ò tíì ṣe é lò. Wàrà mẹ́rin tí mo rà lọ́wọ́ ìyá náà jò sínú báàgì, ó rin igun ìwé. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lọ́la màá padà lọ gba fóònù. Mi ò ní gbé ìwé dání. Àbí kí n kúkú gbé e, kí n jókòó sítòsí ìyá oníwàrà díẹ̀ sí i…