Àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀: pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹ̀ka yunifásítì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ló ń padà wá sí mi lọ́kàn látàárọ̀: pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àáró ni, kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ á pe ará àtọ̀rẹ́, wọ́n á bá a ṣiṣẹ́, á fún wọn lóúnjẹ, ó tán. Àáró ní tirẹ̀, kíkà là ń kà á. Bí o bá bá mi kọ ebè fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ méjì ni mo jẹ ọ́. Ọ̀pọ̀ ètò tó dàrú láàárín yunifásítì ló jẹ́ pé àáró ni wọ́n fọwọ́ sí, tí wọ́n wá ń ṣe é bí ọ̀wẹ̀. Gíwá méjì ya fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó ṣí ìwé tí wọ́n á máa fi ka orí àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wà nítòsí: ẹ̀ka Faransé ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá, àti ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kútọnu. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Benin ń wá, Faransé ni ọmọ tiwa ń wá, ìrìn mọ́tò sì ni. Lóòótọ́, Abúlé Faransé ti wà ní Àjàrá, Àgbádárìgì, láti 1991, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń lo ọdún ìkọ́dè wọn. Iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Àmọ́ Faransé inú ọgbà yàtọ̀ sí Faransé tí èèyàn fi ń bá onílé jà lórí owó iná.

Ibi àkọ́kọ́ tó ti ń já ni pé ẹ̀ka tó ń rán ọmọ lọ kọ́ ni yóò gba àlejò. Ẹ̀ka Faransé ló ń rán. Àwọn ọmọ Benin tó bá dé, ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò jókòó sí. Bí olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ àdéhùn, ọjọ́ tí àlejò bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ló máa tó gbọ́. Kò ní sí orúkọ wọn nínú ìwé ìdánwò, kò ní sí olùkọ́ tó ń retí wọn. Nítorí náà, ẹ̀ka mẹ́rin ló yẹ kó buwọ́ lu àfikún àdéhùn náà: Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀ka tó máa gba àwọn ọmọ wa lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ó tó kan ìgbìmọ̀ fákọ́tì, àwọn agbẹjọ́rò yunifásítì, Sẹ́néètì rẹ̀ (ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́), kó tó dé tábìlì gíwá. Kí ìwé náà wà ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì, kí àṣẹ méjèèjì sì dọ́gba, torí ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò kà dáadáa ni àríyànjiyàn máa ń fara pamọ́ sí.

Ọmọ méjì lọ, ọmọ méjì bọ̀, fún sáà kan. Ẹni tó bá fẹ́ fi ogún bẹ̀rẹ̀, kó rọra. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni yóò fi hàn wá ibi tí òjò ti ń jò wọlé.

Kí a tó rán wọn, kí a ṣí ìwé ìṣirò. Ẹ má ka orí, ẹ ka sáà: ọmọ kan tó lo ọdún gbáko jẹ́ sáà méjì, ọmọ méjì tó lo sáà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sáà méjì pẹ̀lú. Ẹni tó rán jù ló jẹ gbèsè, kì í ṣe ẹni tó gbà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da èyí rú. Bí a bá rán sáà mẹ́fà lọ, tí a gba méjì, mẹ́rin ni a jẹ. Bí àdéhùn bá jẹ́ ọdún márùn-ún, ọdún kẹta ni kí a jókòó ṣírò, kí ẹni tó bá jẹ ju mẹ́rin lọ dá rírán dúró títí yóò fi gba àlejò tó tó. A tún lè fi àbẹ̀wò kúkúrú san án. Ọmọ mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ka sí sáà kan, bí a bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Owó ilé-ìwé, kálukú san nílé rẹ̀. Gbólóhùn yẹn dùn-ún sọ, ṣùgbọ́n kí ni "owó ilé-ìwé"? Níhìn-ín, owó ilé ìkàwé, ti ìwòsàn, ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti káàdì ìdánimọ̀, kálukú ló ní ìlà tirẹ̀ lórí ìwé ìsanwó. Bí àdéhùn bá sọ pé kí wọ́n má gba owó ẹ̀kọ́ nìkan, bọ́sà á ka ìyókù fún àlejò, ọmọ náà á sì dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò láìní káàdì. Ẹ to gbogbo ìlà wọ̀nyẹn sínú àfikún, kí a sọ èyí tí a yọ àti èyí tí ọmọ máa san. Owó oúnjẹ àti ilé, sẹ́fà ni kí a fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n de sẹ́fà mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ yúrò kan; náírà ti ń léfòó láti Oṣù Kẹfà 2023, owó tí òbí tọ́jú ní náírà lè má tó nǹkan mọ́ kí sáà tó pé ìdajì.

Àtẹ kọ́ọ̀sì ló wá gba wàhálà jù, òun náà ló sì wù mí jù láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Ètò LMD (Licence, Master, Doctorat) ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún: 30 kírẹ́dìtì ní sáà kan, 180 fún Licence, oyè àkọ́kọ́. Níhìn-ín, 15 sí 24 yúnìtì ni ọmọ máa ń forúkọ sílẹ̀ fún ní sáà kan. Bí a bá fi kírẹ́dìtì kan ṣe yúnìtì kan, ọmọ á gbé 30 yúnìtì wálé, Sẹ́néètì á dá a padà. Bí a bá fi wákàtí ìjókòó ní kíláàsì nìkan wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ tí ọmọ ń dá ṣe á ṣòfò, nítorí kírẹ́dìtì tiwọn ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Sáà sí sáà ló tọ́ jù. Bí ẹ̀ka wa bá ń béèrè 18 yúnìtì ní sáà yẹn, 30 tiwọn jẹ́ 18 tiwa, kọ́ọ̀sì oníkírẹ́dìtì 5 sì di yúnìtì 3. Inú àfikún ni kí ìṣirò yìí wà, kí a lè tún un ṣe láìtún ìwé tí gíwá buwọ́ lù kọ.

Èwo ni ká fi rọ́pò èwo? Nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti là kalẹ̀, 30 tó kù ni yunifásítì ń fúnra rẹ̀ yàn. Inú 30 yẹn ni kí a kọ́kọ́ wá àyè fún kọ́ọ̀sì òkèèrè. Kọ́ọ̀sì kàn-ń-pá tó wà nínú 70, ẹ má fi ọwọ́ kàn án àfi bí ìlànà ẹ̀kọ́ méjèèjì bá bára mu ní orí sí orí.

Kí ọmọ tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé kọ́ọ̀sì olójú ewé kan: ti ọ̀hún lápá òsì, èyí tó rọ́pò nílé lápá ọ̀tún, ìbuwọ́lù mẹ́ta nísàlẹ̀, tirẹ̀, ti olórí ẹ̀ka nílé, ti olórí ẹ̀ka tó ń gbà á. Kí kọ́ọ̀sì méjì wà nípamọ́ sí ìsàlẹ̀, torí pé àkókò kíláàsì máa ń forí gbárí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó ní láti ṣàtúnṣe lẹ́yìn tó bá dé ibẹ̀.

Ti máàkì le díẹ̀. 20 ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí, 10 sì ni àyege. Bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po 5, 14 di 70, A nìyẹn. 12 di 60, B. 10 di 50, C. Lọ́dọ̀ wọn, 12 ni "assez bien", 14 ni "bien", 16 ni "très bien", nítorí náà ìlọ́po yìí kò jìnnà sóòótọ́. Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń kó kọ́ọ̀sì pọ̀ sínú UE (unité d'enseignement, ìdì kọ́ọ̀sì tó ní èsì kan ṣoṣo), èyí tó sàn á sì gbé èyí tó kù-díẹ̀-káàtó. Ọmọ lè gba 8 nínú ọ̀kan, 13 nínú èkejì. Bí méjèèjì bá wúwo dọ́gba, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10.5, ó yege nìyẹn. Bí akọ̀wé ìdánwò wa bá wá fa 8 nìkan jáde, 40 ló máa kọ, ọmọ tó yege á di ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fìdí rẹmi. Èsì UE ni kí a gbé wọlé, ká fi ti inú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a kàn kọ "ó yege", ká má fi kún CGPA, ìpíndọ́gba máàkì ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó gba 16 ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ yẹ lẹ́ni tí máàkì rẹ̀ ń hàn.

Ẹ̀ka Yorùbá náà lè fi kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì dá sí i fún àwọn àlejò. Kí olùkọ́ kàn rántí pé ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tó kọ́ àkọtọ́ Benin lè kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, kó kọ sh fún ṣ, kó kọ kp fún p. Kò ṣàṣìṣe. Kí bírò pupa dúró ná.

Ìwé ìgbélùú ńkọ́? Ìlànà ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Ọ̀sẹ̀ 15 ti ẹ̀kọ́ nìkan jẹ́ ọjọ́ 105, a kò tíì ka ìdánwò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ọmọ ti lọ béèrè ìwé ìgbélùú, kí ó sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà òun ní Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó bá ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ wọlé kò ní ẹ̀rí ọjọ́ tó dé.

Bẹ́ẹ̀dì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ètò yìí: ẹni tó ń lọ fi bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ̀lì sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin gbọ́dọ̀ rọ́pò obìnrin, ọkùnrin rọ́pò ọkùnrin, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọjá lásìkò kan náà. Kàlẹ́ńdà ló sì máa ń ba ìyẹn jẹ́. Ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti Oṣù Kejì títí dé Oṣù Kẹwàá. Bodè ilẹ̀ wà ní títì láti Oṣù Kẹjọ 2019 dé Oṣù Kejìlá 2020. Kí àdéhùn sọ ọ́ gbangba: bí ẹ̀kọ́ bá dúró ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, àlejò lè padà sílé, kí ẹ̀ka rẹ̀ fún un ní iṣẹ́ tó máa fi parí sáà náà, kí ìdajì sáà sì wọ ìwé ìṣirò.

Ó wá ku ìwé èsì. Ní Oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo dúró nítorí àwọn ìwé-ẹ̀rí ayédèrú. Ọmọ tiwa kò gba oyè lọ́hùn-ún, oyè ilé ló ń gbà, ó sì yẹ kí lẹ́tà tó bá èsì wá kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Kí ẹ̀ka fi èsì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tààrà, kì í ṣe pé kí ọmọ dì í sínú báàgì: ẹ̀dà alóǹtẹ̀ kan, àti ọ̀kan nípasẹ̀ í-meèlì láti àdírẹ́sì yunifásítì, láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn ìdánwò. Kí orúkọ ẹni tó ń gbà á àti ẹni tó ń fi ránṣẹ́ wà nínú àfikún, pẹ̀lú igbákejì kọ̀ọ̀kan, torí pé olórí ẹ̀ka a máa yí padà. Ẹ má sì rán ọmọ tó wà ní sáà ìkẹyìn 400 level. Bí èsì bá pẹ́ oṣù méjì péré, orúkọ rẹ̀ kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìwé NYSC. 300 level ni kó lọ.