Ọ̀nà Kan, Pásípọ́ọ̀tù Méjì

Ní oṣù Keje 2023, nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gun alùpùpù láti Johannesburg dé Nàmíbíà, wọn ò kọ́kọ́ fèsì. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ọ̀kadà? Ọ̀kadà tá a fi ń lọ sọ́jà yìí náà?" Mo ní, "Eléyìí tóbi ju ìyẹn lọ, Màámi, ó sì lágbára." Wọ́n ní bó ti wù kó tóbi tó, táyà méjì náà ló fi ń rìn. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí owó fi tán lórí fóònù, wọ́n sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ kankan láìpè wọ́n.

Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń gbé Johannesburg nígbà náà. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe, ẹnu iṣẹ́ yìí sì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti pàdé. Ọmọ Soweto ni, èdè Setswana ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Ká sòótọ́, nínú ọdún mẹ́rìnlá yẹn, ilé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti pápá ọkọ̀ òfurufú nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí wàhálà lílé àlejò bá tún bẹ̀rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, a ó máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp pé kí oníkálukú fìdí mọ́lé. Téèyàn bá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́, á gbàgbé pé ilẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn géètì. Ọ̀rẹ́ mi ló dá a lábàá pé ká lọ. Ó ní òun fẹ́ kí n rí ibi táwọn èèyàn òun ti ṣẹ̀ wá, pé tá a bá ń padà bọ̀, a ó yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ní Kanye, ní Bòtswánà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi wá ìwé. Ọ̀rẹ́ mi ò nílò físà láti wọ Bòtswánà, Sámbíà tàbí Nàmíbíà. Èmi tí mo mú pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé dání, orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní kí n wá gba físà. Àkọsílẹ̀ owó bánkì, ìwé láti ibi iṣẹ́, fọ́tò, yẹ́lò kádì, ìwé tó ní mo lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé Gúúsù Áfíríkà. Alẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ni mo máa ń jókòó kọ àwọn fọ́ọ̀mù náà, tí oorun á sì máa kùn mí. Nínú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n béèrè iye ìgbà tí mo fẹ́ wọ orílẹ̀-èdè wọn. Mo fàmì sí "ẹ̀ẹ̀kan". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tá a gbéra, òtútù mú débi pé ìrì ti dì sórí ìjókòó alùpùpù mi bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n ọn. Ọ̀rẹ́ mi kọ́ mi pé kí n ki ìwé ìròyìn sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì níbi àyà, kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè wọlé. Ìyá rẹ̀ jáde tàwọn ti aṣọ ìbora léjìká. Wọ́n gbé ọwọ́ kan lé táńkì epo rẹ̀, wọ́n gbé ìkejì lé tèmi, wọ́n sì gbàdúrà. Nínú gbogbo rẹ̀, "ngwanaka" nìkan ni mo gbọ́, ìyẹn "ọmọ mi". Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan fún ọmọ wọn, ẹ̀ẹ̀kan fún èmi.

A gba orí odò Limpopo wọ Bòtswánà. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn níbẹ̀ ni ìkíni. O ò lè dé ilé epo kó o kàn ní kí wọ́n rọ epo. O gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní "Dumela, rra" fún ọkùnrin, "Dumela, mma" fún obìnrin, kí wọ́n dáhùn, kó o béèrè bí wọ́n ṣe jí, káwọn náà béèrè tìẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ gba owó, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n á nà, wọ́n á wá fi tòsì di apá ọ̀tún náà mú. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní Palapye, ìyá kan bu seswaa fún wa: ẹran màlúù tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ nìkan sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n wá gún. Òkèlè àgbàdo tó jọ túwó ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ata ò kàn án rárá, síbẹ̀ mo bù lẹ́ẹ̀kejì.

Láti Nata dé Kazungula tó nǹkan bí 300 kìlómítà, ọ̀nà tó tò gbọnrangandan, igbó lọ́tùn-ún, igbó lósì. Bòtswánà ló ní erin jù láyé, wọ́n lé ní 130,000, àwọn tó wà lágbègbè yìí sì ń sọdá títì bó ṣe wù wọ́n. Gbogbo ẹni tá a bi ló ní ká má gba ibẹ̀ lálẹ́. Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú gbé ọwọ́ òsì sókè. Mo dúró. Mi ò rí nǹkan kan. Ó nawọ́ sínú igbó. Igi ni mo rí, àfi bí igi náà ṣe ju etí.

Ìyá erin ni, ó ń jẹ ewé. Mo fẹ́ pa ẹ́ńjìnì, ọ̀rẹ́ mi mi orí pé kí n má pa á, tó bá di pé ká sá. Ọmọ erin kan jáde, ó sọdá. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, mo ka mọ́kànlá. Mo ti rò pé ilẹ̀ á máa mì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ò dún. Eruku díẹ̀ ló kàn ń sọ lẹ́bàá títì níbi tí wọ́n bá ti gbẹ́sẹ̀ lé. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí: láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó dé ara mi. Ìyá erin náà ló sọdá kẹ́yìn. Ó dúró láàárín títì, ó kọjú sí wa, ó na etí rẹ̀ méjèèjì. Mo ń gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù nínú akoto. Ó ṣe díẹ̀, ó yí padà, ó lọ bá àwọn yòókù.

Ní Kazungula, odò Zambezi ló pààlà sáàárín Bòtswánà àti Sámbíà. Ọkọ̀ ojú omi pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbé mọ́tò sọdá tẹ́lẹ̀, táwọn awakọ̀ tírélà á sì sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2021 ni wọ́n ṣí afárá tuntun. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 923 mítà, ó sì tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ láàárín odò kó má bàa wọ ilẹ̀ Sìmbábúè. Bá a ṣe ń gba orí rẹ̀ kọjá, mo ń gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń kọrin lókè ohùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti bodè. Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́ nínú gbogbo èyí tá a gbà kọjá. A jọ dé ojú fèrèsé ni. Ọ̀rẹ́ mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Nígbà tó kàn mí, òṣìṣẹ́ náà wo pásípọ́ọ̀tù mi níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó gbé físà sókè sí iná, ó ní kí n bọ́ sápá kan. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni mo fi dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí léèrè iye owó tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n tú gbogbo ẹrù mi sórí tábìlì, títí kan ọṣẹ ìwẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan, torí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dùn mí wọ eegun, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ fún ò lọ. Ó gbé akoto rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó jókòó sórí sìmẹ́ǹtì tútù níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún un pé ó lè máa lọ. Ó ní, "Àwa méjèèjì la jọ ń lọ." Láti ọjọ́ yẹn, ní gbogbo bodè tá a kàn, kò jẹ́ kí n tò sẹ́yìn òun mọ́. Iwájú rẹ̀ ló máa ń fi mí sí.

Ní Livingstone a lọ wo Mosi-oa-Tunya, ìyẹn èéfín tó ń sán bí àrá, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Victoria Falls. Omi náà rẹ wá gbingbin láìjẹ́ pé òjò rọ̀. Ẹnu mi ò lè ròyìn rẹ̀, ẹ wá àyè lọ rí i.

Ní Katima Mulilo, lẹ́yìn tá a wọ Nàmíbíà, ọ̀rẹ́ mi fi Setswana bá ọmọbìnrin tó ń ta epo sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin náà dá a lóhùn ní Silozi, wọ́n sì gbọ́ ara wọn. Ẹnu yà á débi tó fi gbàgbé láti gba ṣéńjì. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́: láyé ogun, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Kololo tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Sotho ṣí láti gúúsù wá sí etí Zambezi, wọ́n ṣẹ́gun àwọn Lozi, wọ́n sì jọba lé wọn lórí. Àwọn Lozi padà gba ìjọba wọn, ṣùgbọ́n èdè tí àwọn Kololo gbé wá ló ṣẹ́kù sí wọn lẹ́nu. Mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe mí lọ́jọ́ tí mo dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ìyá oníṣu kan tó ń fi Faransé ná ọjà yíjú sí mi, tó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o."

Láàárín Kongola sí Divundu, ọ̀nà náà gba inú ọgbà ẹranko Bwabwata, ọgbà tí àwọn èèyàn Khwe sì ń gbé. Ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn mi ti jò. Ìṣó ni. Pátákó tó ní ká ṣọ́ra fún erin wà níwájú wa, mi ò lè gbé ojú kúrò nínú igbó. Ọ̀rẹ́ mi fi pínsà yọ ìṣó náà, ó ki irin onígíngín bí fáìlì bọ ihò, ó fà á wọlé fà á jáde kí ẹnu ihò lè há rọ́bà mú. Lẹ́yìn náà ó fi okùn rọ́bà tó ti pa gọ́ọ̀mù sí kọ́ irin mìíràn tó ní ojú ṣíṣí, ó fi gbogbo agbára tì í wọ inú táyà, ó fà á yọ lẹ́ẹ̀kan. Okùn náà dúró sínú, ìrù rẹ̀ yọ síta. Ó tu itọ́ sí i lórí. Kò hó. Ó wá ní èmi ló kàn, pẹ́ńpù ọwọ́ rèé. Nígbà tí táyà náà fi le, mo ti bọ́ gbogbo ìwé ìròyìn àyà mi dà nù.

Lẹ́yìn Rundu, a kàn géètì tí wọ́n fi ń dènà àrùn ẹran ọ̀sìn. Ẹran tútù ò gbọdọ̀ kọjá síhà gúúsù. Ní àríwá géètì yẹn, ahéré wà lẹ́bàá títì, àwọn ọmọdé ń juwọ́ sí wa, màlúù ń rìn bó ṣe wù ú. Bá a ṣe kọjá rẹ̀ báyìí, ó di wáyà ọgbà ní ọ̀tún àti òsì, oko ńláńlá olówó, ọ̀pọ̀ kìlómítà láìrí ẹnì kan. Ọ̀rẹ́ mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dákẹ́ títí a fi dé Grootfontein. Ó ní ó rán òun létí ibi tí bàbá òun àgbà ti ṣiṣẹ́.

Ní Windhoek a jẹ kapana ní Katutura, ẹran màlúù tí wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ lórí iná bí wọ́n ṣe ń yan án, téèyàn á máa tì í bọ ata gbígbẹ. Inú mi dùn débi pé mo pè é ní sùúyà lójú oníṣòwò náà. Lọ́jọ́ kejì, a ń lọ ládùúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Eros, mo sì rí orúkọ òpópónà: General Murtala Muhammed Avenue. Mo dúró. Ọ̀rẹ́ mi béèrè ẹni tó jẹ́. Mo sọ fún un pé olórí ìjọba wa ni, tí wọ́n pa ní oṣù Kejì 1976, pé lọ́dún yẹn náà ni Nàìjíríà dá àpò owó kan sílẹ̀ láti ran àwọn tó ń jà fún òmìnira ní gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́. Wọ́n ń yọ díẹ̀ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sí i. Olùkọ́ ni bàbá mi nígbà náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n yọ tiwọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ fún wa bí ohun ìwúrí, pé owó àwọn wà nínú ìjà Mandela. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ nǹkan kan. Ó gba fóònù mi, ó ní kí n dúró lábẹ́ pátákó náà, ó ya fọ́tò mi. Mo mọ̀ pé bodè ọjọ́sí ló wà lọ́kàn rẹ̀, torí òun náà ló wà lọ́kàn mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń ṣa ìwé mi jọ, tí mo wá rí i. Físà Bòtswánà ni mo fàmì "ẹ̀ẹ̀kan" sí, mo sì ti lo ẹ̀ẹ̀kan ọ̀hún. Ọ̀nà tá a fẹ́ bá padà, èyí tó gba inú Kalahari kọjá, Bòtswánà ló tún máa wọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ara mi tutù. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Kanye ti ra ewúrẹ́ sílẹ̀ dè wá.

Mo ní kó máa gba Kanye lọ, èmi á gba ọ̀nà ìsàlẹ̀, tó gba Upington ní Gúúsù Áfíríkà kọjá, a ó pàdé nílé. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún fi ohun tó lé ní 300 kìlómítà jìn ju tòkè lọ. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní, "A jọ jáde ni. A jọ máa wọlé ni." Ó pe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá náà bó ṣe ń ga nínú fóònù, tó wá ń lọlẹ̀. Ó gbé fóònù fún mi. Mo ní, "Dumela, mma." Ìyá náà fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé ewúrẹ́ ò ní lọ síbì kan.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi rin ọ̀nà ìsàlẹ̀: Mariental, Keetmanshoop, Ariamsvlei, títí a fi wọ Gúúsù Áfíríkà padà. Èmi ló wà níwájú lórí ìlà. Obìnrin tó wà ní fèrèsé wo ìwé ìgbélùú mi, ó lu òǹtẹ̀, ó ní "káàbọ̀ sílé". Apá mi ń ro mí, ètè mi ti bó. Nígbà tá a fi dé Johannesburg, a ti rin ohun tó lé ní 4,000 kìlómítà.

Ní oṣù Kọkànlá, ọ̀rẹ́ mi mú fọ́ọ̀mù físà Bòtswánà kan wá síbi iṣẹ́. Ìyá Kanye ti ní a gbọ́dọ̀ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ àwọn. Ó ti bá mi kọ ibi tó lè kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye ìgbà tí mo fẹ́ wọlé, ó ti fàmì sí "ọ̀pọ̀ ìgbà", ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.