Àwa Ọmọ Ẹni Tó Sá: Ọjọ́ Méjì ní Òṣogbo

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ní lítíréṣọ̀ Yorùbá láti bí ọdún 19. Ohun tí mo mọ̀ nípa Òṣogbo kò ju ohun tí ọmọ Ìbàdàn èyíkéyìí mọ̀ lọ: pé àwọn baba wa ló gba ìlú náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1840. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí èmi náà ṣe ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn nìyẹn, ọmọ Ìbàdàn kì í sì í fi oore tí baba rẹ̀ ṣe pamọ́, pàápàá bí ará ibòmíràn bá wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ tó kọjá ni mo wá dìde láti lọ fi ojú ara mi wo ibi tí wọ́n ti ja ogun náà.

Ìwó Road ni mo ti wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akérò kan tí awakọ̀ rẹ̀ ti búra fún wa pé a kò ní dúró níbì kankan títí a ó fi dé Òṣogbo. A dúró ní Àpòmù. Omi inú ẹ́ńjìnnì ti gbẹ, èéfín sì ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Awakọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ó sì gbà wá ní wákàtí kan ààbọ̀. N kò bínú tó bó ṣe yẹ, nítorí orúkọ ìlú náà ti gbé ọkàn mi lọ. Ọjà Àpòmù yìí ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti máa ń pàdé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń jí àwọn oníṣòwò ọmọ Ọ̀yọ́ gbé, tí wọ́n ń tà wọ́n sí oko ẹrú. Ìjà tó ti ibẹ̀ ṣẹ́ ló di ogun Òwu, tó sọ Òwu di ahoro ní àwọn ọdún 1820, tí ilẹ̀ Yorùbá kò sì tún fi bẹ́ẹ̀ rójú mọ́ fún nǹkan bí ọdún 70. Obìnrin kan tó ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá ọ̀nà rí i pé mo ń wo ìlú náà tẹjúmọ́, ó sì bi mí pé kí ni mo ń wá. Mo ní ọjà ni. Ó ní ọjọ́ ọjà kọ́ lòní.

Ní Gbọ̀ngán, ìlú tí àwọn tó sá wá láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà lára àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, a yà sí ọ̀nà Ẹdẹ. Bí mo bá ti gbọ́ Ẹdẹ, Tìmì ni mo máa ń rántí, àti eré Ọba Kò So tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní Òṣogbo ní ọdún 1963. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbà pé eré iná àti àrá ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ogun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ogun ti sú àwọn ará Ọ̀yọ́, àwọn akọgun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà, kò sì fẹ́ jáwọ́ nínú ìjà, ọba kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe, ni ó bá rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Àwọn tí ọba fi ń dáàbò bo ìlú ni wọ́n padà fẹ́ fọ́ ìlú mọ́ ọn lórí. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́dọọdún láì ronú kàn án lẹ́ẹ̀kan pé ó lè bá ìlú tèmi wí.

Nígbà tí a dé Òṣogbo, mo bi ọlọ́kadà kan ní Old Garage bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ti ja ogun. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ogun wo? Ṣé ìbò ni ẹ ń sọ?” Gbogbo ibi tí mo yí dé lọ́jọ́ náà, n kò rí òkúta ìrántí kankan. Orúkọ ni mo rí. Alékúwodò jẹ́ àdúgbò tí àwọn èèyàn ń pè lójoojúmọ́ láti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí wọ́n ń pè é pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ àti ìjà ṣéńjì, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í dúró gbọ́ ikú tí wọ́n ń lé wọ odò nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ mi kan ni mo dé sí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Iṣẹ́ télọ̀ ni Bàbá ṣe títí ojú wọn kò fi gbé abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 75, ẹnu wọn sì mú ju abẹ́rẹ́ náà lọ. Bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ tán tí mo sọ pé Ìbàdàn ni mo ti wá, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin lẹ gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ìlọrin. Ta ló wá gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ yín?”

N kò lè fèsì lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kì í ṣe irọ́: ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo, Òṣogbo ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sì ń rán àwọn jagunjagun lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí Balógun Odérìnlọ́ fúnra rẹ̀ fi kó ogun dé. Nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ko àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin lójú ní gbangba lọ́sàn-án, òru ni wọ́n kọlù wọ́n, ibùdó ogun sì dàrú. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ Ìlọrin kò ti lè nà dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀kọ́ tèmi ti máa ń parí gan-an ni ti Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn tó gba ìlú sílẹ̀ kò padà lọ sílé ní ọwọ́ òfo. Ó fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú tó ń ṣọ́ ìlú fún un, sílẹ̀ ní ìlú tó gbà àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, àwọn ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Ìnira yìí ló mú kí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ dìde sí Ìbàdàn ní ogun tí ìró ìbọn sọ ní Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì kúrò ní bùdó títí di 1893. Oríkì ìlú wa pàápàá kò fi í pamọ́: ìlú tí olè ti ń jàre olóhun. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìbàdàn. Ní yàrá Bàbá, n kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ìwé tí Adébáyọ̀ Fálétí tẹ̀ jáde ní ọdún 1969, ni ó wá sọ́kàn mi. Àwọn tí Ọ̀yọ́ ń mú sìn, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé koríko fún ẹṣin aláṣẹ lọ́dọọdún, ni ìtàn náà dá lé lórí, àti ọmọ wọn kan tó ní òun kò gé e mọ́. Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni mo ti máa ń tọ́ka sí nínú kíláàsì pé òun ni aninilára. Ó rọrùn láti tọ́ka sí ilé tó ti wó.

Mo ní ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ nínú àpò, mo sì mú un jáde bí ẹni tó fẹ́ fi ẹlẹ́rìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kò bá mi ṣí i. Ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo sọ fún wọn pé Saró ni wọ́n ti bí Johnson ní 1846, láàárín àwọn tí òwò ẹrú ti fà tu nílé. Pé ó wà lára àwọn tó ń rìn láàárín bùdó ogun méjèèjì nígbà Kírìjí láti wá àlàáfíà. Pé ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì sọnù. Pé ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, sì tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù. Èyí tí Obadiah fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, “Ìwé ogun tí ogun mú lẹ́rú.” Mo ti kọ gbólóhùn náà sí iwájú ìwé mi báyìí.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé kúrò ní Òṣogbo kò tí ì dé. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni Bàbá bi mí ní oríkì ilé wa. Mo ní ọmọ Ìkòyí ni wá, mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga, pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn, pé iwájú gangan ni wọ́n fi í gba ọgbẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n kì í tán. Ni wọ́n bá ní ọmọ Ìkòyí ni àwọn náà, àti pé láti kékeré ni ìlà kan náà ti ń kọ àwọn lóminú. “Ẹni tó gba ọfà níwájú,” wọ́n ní, “ṣé ó délé bí ọmọ? Ta ló bí èmi àti ìwọ?” Ìkòyí ilé tú pẹ̀lú Ọ̀yọ́ ilé; àwọn kan sá gba Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan sá gba Ìbàdàn, àwọn kan sá wọ Òṣogbo. Àwọn tó sá ni wọ́n bí àwa tí a ń kì ara wa pé a kì í sá. Òròkí Asàlà ni wọ́n ń ki Òṣogbo, láti alẹ́ ọjọ́ náà ni n kò sì lè gbọ́ ọ mọ́ kí etí mi má gbọ́ àsálà nínú rẹ̀.

Bàbá sọ nǹkan mìíràn tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ti ogun lọ. Ìyá tó bí bàbá wọn ti ṣe ìwọ̀fà rí, ní ọmọdé, nítorí owó tí ilé wọn yá láti fi sìnkú. Kò sí oríkì tó sọ ọ́. Ẹnu akéwì gba ogun, ó gba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú gbèsè kò bá ìlù mu, inú òwe ló lọ forí pamọ́ sí. Ìyá àgbà náà fẹ́ràn láti máa sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi ti gbà pé ìmọ̀ràn àwọn olówó ni. N kò rò ó rí pé ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ náà ló lè kọ́kọ́ sọ ọ́, láti fi rọra gba iyì ara rẹ̀ padà.

Ní ti Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládípọ̀ ṣí ní Òṣogbo, ojú fèrèsé ni Bàbá ti wò ó. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbárí, orúkọ tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kọ́kọ́ lò ní Ìbàdàn ní 1961. Nígbà tí ó dé Òṣogbo ní 1962, etí àwọn ará ìlú gbọ́ ọ sí Yorùbá, pé bí mo bá rí i, n ó yọ̀. Ládípọ̀, tí àwọn ìjọ kan ti bínú sí nítorí ìlù tó gbé wọ inú orin ọdún Àjíǹde, ló ṣí i sílé rẹ̀. Àwọn tó wọ ibẹ̀ kì í ṣe ọmọ olówó. Jacob Afọ́lábí àti Rufus Ògúndélé ń ṣeré nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀ kí wọ́n tó di ayàwòrán. Ijó ni Twins Seven Seven ń jó nígbà tó yọjú. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí. “A ò níṣẹ́ ni,” ni àlàyé tí Bàbá ṣe, “àwọn kan nínú wa wá lọ, àwọn kan ò lọ. Èmi ò lọ. Ọ̀gá mi ní bí mo bá lọ, kí n má padà.”

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí igbó Ọ̀ṣun, hẹ́kítà 75 tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun ìní àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí wọ́n bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, tó la ogun àgbáyé kejì já kó tó dé Nàìjíríà ní 1950, wà lára àwọn tó jẹ́ kí igbó náà ṣẹ́ kù, òun àti irú Àkànjí tó fi sìmẹ́ǹtì mọ ojúbọ àti ère síbẹ̀. Ó kú ní Òṣogbo ní 2009. Mo dúró lórí afárá. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú náà pàápàá ìtàn ẹni tó ń sá ni: omi ni Lárọ̀óyè àti Tìméhìn ọdẹ ń wá kiri, igi tí wọ́n gé sì wó lu ìkòkò aró òrìṣà, òun ló fi ké pé, “Oṣó igbó, ẹ rọra o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán.” Ní ọjọ́ tí mo débẹ̀, omi náà pọ́n bí ọbẹ̀ tó jóná, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Obìnrin kan bu díẹ̀ sínú kèrègbè, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé e rù.

Ọjọ́ Àìkú ni mo padà. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ kò yọnu lójú ọ̀nà. Bí a ṣe kúrò ní Gbọ̀ngán ni fóònù mi dún, Bàbá ni, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí a dé. Mo ní a kò ní pẹ́ dé Àpòmù.

“Má sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ o,” wọ́n ní, “kí wọ́n má gbé ọ tà.”

Gbogbo èrò ọkọ̀ tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, àfi awakọ̀, tó ti fèrèsé rẹ̀ pa, tó sì tẹ mọ́ iná.