Àwọn ojú tí mo bá pàdé nínú ilé Àgùdà

Ọ̀sán òní ni mo lọ wo ìpàtẹ fọ́tò tí wọ́n ṣe sínú ilé àtijọ́ kan tí àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́ láàárín ìgboro Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Àwọn ẹbí ló kó fọ́tò ilé wọn jáde, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣètò rẹ̀ sì ṣe ẹ̀dà wọn, wọ́n sọ wọ́n di ńlá, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Mo rò pé n ó kàn yà wò ó ni, àfi bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú kí n tó jáde.

Yàrá àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn fọ́tò tí òyìnbó yà. Káàdì ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tí àwọn Faransé fi ń ránṣẹ́ sílé nígbà tí Dahomey, ìyẹn Benin òde òní, wà lábẹ́ wọn. Obìnrin kan dúró ti ògiri, ó pọn ọmọ, ó ń wo kámẹ́rà, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ibòmíràn ni ó ń lọ tí wọ́n fi dá a dúró. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ lédè Faransé kò ju pé obìnrin Ànàgó ni. Ó parí síbẹ̀. Ta ni? Ọmọ ta ni? Agboolé wo ló ti jáde? Ẹni tó yà á kò béèrè. Ó dùn mí gan-an, mo sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

Ẹ̀dà díẹ̀ wà níbẹ̀ lára àwọn fọ́tò aláwọ̀ tí Frédéric Gadmer yà lọ́dún 1930. Àlùfáà Kátólíìkì kan, Francis Aupiais, tó ti ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n jọ rìn. Albert Kahn, oníbáńkì ní Paris, ló ń náwó sí ìrìn àjò náà. Fọ́tò orí dígí tí wọ́n kó padà lé ní 1,000. Hóró ìyẹ̀fun ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n pa láró ló ń mú àwọ̀ jáde lórí dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ kì í sì í tètè ràn án, nítorí náà ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira. Nínú ọ̀kan, àwọn àgbà dúró ṣinṣin, aṣọ aró wọn sì jinlẹ̀ débi pé mo fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọmọdé tó wà níwájú wọn kò lè dúró: láti kókósẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di èéfín.

Kì í ṣe gbogbo òyìnbó ni mo ń bá wí o. Pierre Verger, onífọ́tò ọmọ Faransé, pẹ́ láàárín wa, Kétu ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ nífá lọ́dún 1953, ibẹ̀ ló sì ti di Fátúmbí. Nínú àwọn fọ́tò rẹ̀ tí mo ti rí, ẹni tí wọ́n mọ̀ ni àwọn èèyàn ń wò.

Yàrá kejì ni mo ti rí wa bí a ṣe fẹ́ kí wọ́n rí wa. Fọ́tò sítúdíò ni gbogbo wọn. Ẹni tí wọ́n yà ló sanwó, òun ló yan aṣọ, òun ló sì sọ bí òun ṣe fẹ́ jókòó. Àjàṣẹ́ kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ ìlú yìí ni Joseph Moïse Agbodjelou (1912–2000), orúkọ rẹ̀ sì kọjá ẹnubodè. Ọmọ rẹ̀, Leonce Raphael, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò egúngún wa tó yà ti dé ìlú òyìnbó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn onífọ́tò tí mo rí iṣẹ́ wọn lónìí, òǹtẹ̀ tó ti ń pa rẹ́ lẹ́yìn ìwé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ mọ bí àgbà ṣe ń jókòó ya fọ́tò. Á ya ẹsẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, kò ní rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi ń sọ pé ojú wọn le jù. Ojú àgbà ni, kò le. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ tí a kò tíì bí yóò wo òun kò ní fi eyín ṣeré.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò lè kúrò nídìí rẹ̀. Obìnrin kan wọ bùbá léèsì, ó ká ọwọ́ bùbá náà sókè kí aago ọwọ́ rẹ̀ lè hàn. Rédíò kékeré wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ olódòdó ni wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ náà kò dé etí fọ́tò lápá òsì: ògiri alámọ̀ yọ, ìka ọmọdé mẹ́rin sì yọ, wọ́n di aṣọ náà mú kí atẹ́gùn má baà gbé e. “Obìnrin oníṣòwò” ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú wá sún mọ́ ọn. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Ló bá pe orúkọ. Kò sì fi mọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì, ó kì í láti ilé bàbá rẹ̀ ní Kétu títí dé ilé ọkọ rẹ̀ níbí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

“Ìyá, ẹ mọ̀ wọ́n ni?”

“Ìyàwó ilé wa ni wọ́n, ọmọ mi. Àwọn ló kọ́ mi ní aró rírẹ.”

Mo bi wọ́n léèrè nípa ọmọ tó di aṣọ mú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n mirí, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti sáré mú bírò dé. Ìyá ní, “Má kọ orúkọ ọkọ nìkan, kọ ti bàbá wọn náà.” N kò ní kọ ọ́ síbí, kí àwọn ẹbí kọ́kọ́ gbọ́ ná.

Mo tún rí fọ́tò ìbejì kan, àwọn ọmọ méjì jókòó lórí ẹní, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á láàárín. Ọmọ kan náà ni. Èkejì ti lọ, onífọ́tò sì tẹ èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì kí ìyá wọn lè rí àwọn méjèèjì. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọn á yà á, wọn á tún wọ ti obìnrin fún un. Mo ronú sí ìyá náà, bó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ lọ́rùn ọmọ yẹn.

Bí mo ti délé ni mo pe ìyá mi. Lọ́la, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a ó ṣí àpótí fọ́tò wọn, wọn á máa pe orúkọ, èmi á máa kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ìpàtẹ náà kò tíì kógbá sílé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Àjàṣẹ́, bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú àgbà kan dání.