Bóòtì Méjì Tó Gbé Mi Ṣubú Lórí Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń tẹ èyí, torí òsì ṣì máa ń tètè rẹ̀ mí. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti ṣubú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi so apá mi kọ́rùn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín wà níbi tí mo wà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: kẹ̀kẹ́ tó wúwo bí ọlọ ti sú yín, owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ẹ sì ń wo àwòrán férémù, ìyẹn egungun kẹ̀kẹ́, lórí fóònù lóru bí ẹni ń wo àwòrán àfẹ́sọ́nà. Ẹ mí sí i ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín.

Iléṣà ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹni tó bá ti fi kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Iléṣà sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè rí ò ní bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi férémù fífúyẹ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́, irin ni, kílò mẹ́tàlá, bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó ń fi rọ́bà di ríìmù mú. Bí òjò bá ti rọ̀, wàá fa bíréèkì, wàá ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó rántí pé o pè é. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní dísìkì ni mo fẹ́, bíréèkì tó ń di àwo irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mú. Kì í ṣe fáàrí. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní kí lobìnrin ọlọ́mọ méjì ń wá lórí kẹ̀kẹ́ eré, mo ti gbọ́ yẹn lẹ́nu màmá mi, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu.)

Férémù méjì ni mo rí. Ti àkọ́kọ́, alumí ni, tokunbo, ₦430,000, ó ní fọ́ọ̀kì, apá tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ó sì ní gbogbo nǹkan wẹ́wẹ́ tó yẹ kó bá a wá. Ti èkejì, kábọ́ọ̀nù ni, òun náà ní fọ́ọ̀kì, dúdú, ó ń dán, ₦380,000. Kábọ́ọ̀nù, ó tún wá dínwó ju alumí lọ! Ẹni tó ń tà á ní 900 gíráàmù péré ni. Mo bi í bóyá ó pé. Ó ní, “Sìsítà mi, férémù ti pé, àwọn kékeré yẹn, ẹ máa rí i rà níbi gbogbo.” Mo gbà á gbọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn o, “níbi gbogbo.”

Nígbà tó dé, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá aládìẹ tó wà ládùúgbò wa, a fi ìwọ̀ òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ ọ bí àkùkọ. Kílò kan àti 150 gíráàmù, láìka fọ́ọ̀kì mọ́ ọn. Ìyá náà ní, “Eléyìí ò lẹ́ran lára.” A rẹ́rìn-ín. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe férémù máa ń kọ síta sábà máa ń jẹ́ ti sáìsì kan péré, nígbà míì kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó yẹ kó dùn mí nígbà náà ni pé inú páálí náà ṣófo. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju férémù àti fọ́ọ̀kì lọ.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Headset, bíárìn tó ń jẹ́ kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè yí, ₦40,000. Thru-axle méjì, ọ̀pá tó ń gba àárín ẹsẹ̀ kọjá tó ń dì í mọ́ kẹ̀kẹ́, tiwájú àti tẹ̀yìn, ₦64,000, mo sì dá ọ̀kan padà nítorí pé eyín rẹ̀, ìlà tí wọ́n fi ń yí i wọlé, ò bá ti férémù mu. Bẹ́ẹ̀ ni o, méjèèjì lè fẹ̀ ní mílímítà 12, kí gígùn wọn bára mu, kí eyín ọ̀kan jìnnà síra ju tèkejì lọ, kò ní wọlé láé. Hangà, irin kékeré tó ń gbé dìrélọ̀ ẹ̀yìn (ohun tó ń gbé ṣéènì láti gíà dé gíà) dúró, ₦28,000, ọjọ́ mọ́kàndínlógún kó tó dé. Ẹ ṣírò rẹ̀: ₦512,000 ti lọ, mi ò sì tíì gùn ún dé ẹnu géètì. Alumí tó pé pérépéré ṣì wà níbẹ̀ ní ₦430,000.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò rà. Bóòtì méjì tó ń mú kálípà bíréèkì ẹ̀yìn, ohun tó ń fún dísìkì mú, mọ́ férémù. ₦9,000. Mo ní ó ti tó gẹ́ẹ́, bóòtì ni bóòtì.

Bàbá tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe wá méjì jáde látinú agolo mílíìkì rẹ̀, lára kẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn. Ó wọ̀ ọ́, ó fi àlùnkíì yí i le. Mo ní, “Bàbá, ó dà bíi pé ó kúrú.” Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ó ti wọlé, ó sì ti le. Ẹ lọ gùn ún.” Mi ò dá Bàbá lẹ́bi o. Kẹ̀kẹ́ onídísìkì tó wà ní Iléṣà kò tó nǹkan. Èmi ni mo ra férémù tí kò ní bóòtì.

Sátidé ni. Àwa mẹ́rin la gbéra, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ìgòkè yẹn, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, ó dùn. Férémù náà ń dáhùn bí mo bá ti tẹ pẹ́dàlì, kò sí pé ó ń fà sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dé Ẹ̀fọ̀n ṣáájú ọkùnrin méjì. A ra àkàrà, a fi búrẹ́dì jẹ ẹ́, a mumi, a ya fọ́tò, a yí padà.

Ẹ mọ bí ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Àpáta lápá kan, àfonífojì lápá kejì, ọ̀nà ń yí kọ́rọkọ̀rọ. Mo ti ń gbọ́ ìró kan, ṣẹ́kẹ́, ṣẹ́kẹ́, láti ìgbà tá a ti gba orí kòtò kan kọjá. Mo rò pé ìgò omi ni. Mo na ọwọ́ dì í mú, ìró náà ò dákẹ́. Kí n dúró kí n wò ó, mi ò dúró, torí mo wà níwájú, iwájú sì ń dùn mọ́ mi.

Níbi kọ́nà kan báyìí ni ọkọ̀ akẹ́rù yọ, ó ń rá gòkè, ó ti gba ìdajì ọ̀nà tèmi. Mo fa bíréèkì méjèèjì pọ̀. Tiwájú dáhùn. Tẹ̀yìn dáhùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn rẹ̀, gbàù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró gbagidi. Kò yí mọ́ rárá, ó kàn ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, òórùn táyà tó ń jó sì gba imú mi. Mo rí àfonífojì. Mo rí táyà akẹ́rù náà, ó ga tó mi. Ohun tí mo pinnu, bó bá jẹ́ pé mo pinnu nǹkan kan, ni pé àpáta sàn ju méjèèjì lọ. Mo darí sí i. Gọ́tà ló gbà mí, èjìká òsì ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Mo gbọ́ ọ tó kán. Iṣẹ́ mi ni, mo mọ ìró rẹ̀. Mo fi ọ̀tún kan egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, ó ti ta sókè lábẹ́ awọ. Mi ò ké. Ohun tí mò ń wò ni kẹ̀kẹ́ náà. Kálípà ẹ̀yìn ti já kúrò lára férémù, ó ti wọ àárín sípóòkù, ó wá rọ̀ lórí rọ́bà epo rẹ̀ bí ìwọ́ ọmọ tí wọn ò tíì gé, epo ń kán tó, tó, sórí ewéko. Bóòtì kan ṣì wà lára rẹ̀. Gbogbo eyín etí rẹ̀ ti lọ, ó dán bí abẹ́rẹ́. Ìkejì ti já sọ́nà, bóyá níbi kòtò yẹn. Òun ni ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí mo pè ní ìgò omi.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló gbé mi dé ibi iṣẹ́ ara mi, wọ́n tún egungun tò, wọ́n so ó, mo sinmi, ara ti ń yá. Ìyẹn ò gba ọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mo wà nílé ni mo ní kí ọmọ mi bá mi fi rúlà wọn ibi tí kálípà jókòó lé. Mílímítà 25 ni kábọ́ọ̀nù ibẹ̀ nípọn. Bóòtì tí Bàbá wọ̀ ọ́, ti férémù tó nípọn ní mílímítà 15 ni. Ẹ wò ó dáadáa: ní flat mount, irú ìdè kálípà tí férémù mi ní, abẹ́ férémù ni bóòtì ẹ̀yìn ti ń wọlé, á la gbogbo ara férémù já kó tó kan kálípà. Bí férémù bá ṣe nípọn tó ni bóòtì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Tèmi fi mílímítà mẹ́wàá kúrú. Bíńtín tó kù ló di kálípà mú, bíi mílímítà mẹ́ta. Ó le lọ́wọ́ Bàbá lóòótọ́. Eyín méjì mẹ́ta náà máa ń le.

Ẹ̀kọ́ mi nìyí. Kí ẹ tó bèèrè ìwọ̀n, ẹ bèèrè nǹkan wẹ́wẹ́. Thru-axle rẹ̀ méjèèjì dà? Hangà dà? Headset ńkọ́? Bóòtì kálípà ńkọ́, kí ni wọ́n sì kọ sí i lára? Kí ẹni tó ń tà á tò wọ́n sórí tábìlì kó ya fọ́tò wọn. Bó bá ní ẹ máa rí i níbi gbogbo, ẹ fi iye rẹ̀ kún owó férémù kẹ́ ẹ tó ní ó pọ̀ tàbí ó wọ́n.

Ẹ̀kọ́ kejì, ọdún tí wọ́n ṣe férémù. 2014 ni Shimano, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bíréèkì àti gíà kẹ̀kẹ́, gbé flat mount jáde. Kó tó dìgbà náà, post mount, irú ìdè kálípà mìíràn, ló pọ̀ lára onídísìkì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì sábà máa ń jẹ́ quick-release (ọ̀pá tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tú ẹsẹ̀ kíákíá) oní mílímítà 135. 2018 ni UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, wá fọwọ́ sí dísìkì pátápátá fún eré orí títì, àwọn férémù tòde òní sì ti gbé thru-axle: 12×100 níwájú, 12×142 lẹ́yìn (nínípọn ọ̀pá àti fífẹ̀ ibi tó ń wọ̀, ní mílímítà). Tokunbo àárín ọdún wọ̀nyẹn lè jẹ́ àdàlù. Bí ẹ bá ti ní wíìlì nílé, ẹ wò ó bóyá ó bá ihò férémù mu. Ihò tí bottom bracket, bíárìn tí pẹ́dàlì fi ń yí, ń wọ̀ náà ńkọ́? Èyí tó ní eyín, tí wọ́n ń yí wọlé, ni kẹ́ ẹ wá. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọlé máa ń ké, ẹni tó ní irinṣẹ́ rẹ̀ ò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ kẹta, ìwọ̀n náà. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ìlara kábọ́ọ̀nù ló ń ṣe mí. Ó dáa. Férémù alumí tó dára sábà máa ń tó kílò kan àti 200 sí 500 gíráàmù. Kábọ́ọ̀nù tèmi, 1,150. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí alumí tí mo kọ̀ sílẹ̀ kò tó 300 gíráàmù. Omi inú ìgò kan tí mò ń gbé gùn òkè jẹ́ 750. UCI fúnra wọn ò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ eré fúyẹ́ ju kílò 6.8 lọ, èmi tí mo jẹ àkàrà márùn-ún ní Ẹ̀fọ̀n, ta ni mò ń lé? Ẹ wò ó bóyá táyà tó fẹ̀ ní mílímítà 32 lè wọ̀ ọ́, kòtò pọ̀. Bó bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù tokunbo, ẹ fi owó ẹyọ kàn án káàkiri, kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, bóòtì. Mo ti sọ ọ́. Màá tún un sọ.

Mo padà ra alumí yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó bá ọ̀rá kékeré kan wá, mo tú u sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó pé. Mo wọn bóòtì kí n tó fún Bàbá, òun náà wọ̀n ọ́n.

Kábọ́ọ̀nù náà wà lẹ́yìnkùlé. Mo kàn án níbi tí kálípà ti já, ohùn rẹ̀ ti rọ̀ bí àgbọn tó ti bàjẹ́, nítorí náà mi ò lè tà á fún ọmọ ẹlòmíràn. Aṣọ iléèwé làwọn ọmọ mi ń sá sórí rẹ̀. Lánàá, ẹni tó tà á fún mi fi àwòrán òmíràn ránṣẹ́, kábọ́ọ̀nù náà ni, pupa, ó ní 850 gíráàmù, ó sì ní torí mi ló ṣe máa gbà á ní ₦350,000. Mo bi í pé bóòtì kálípà rẹ̀ ńkọ́. Ààmì méjèèjì ti yí padà sí búlúù, kò tíì fèsì.